ILR mi, ìyá mi àti ọdún 3 ní Tógò: ẹ bá mi dá sí i

Àbúrò Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fojú fo ibi tí kò bá tò. Ìjọ mi ti fọwọ́ sí i pé kí n lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere pẹ̀lú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Kara, lókè lọ́hùn-ún ní Tógò. Ọdún 3. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fẹ́ kí n gbéra. Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà sí i, láti ìgbà tí míṣọ́nnárì kan wá kí wa ní Sunday school ní Ṣakí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Àná ni arábìnrin kan níbi iṣẹ́ sọ pé bí mo bá ti lo ju ọdún 2 lọ níta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ILR mi, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ibí títí lọ, ti lọ nìyẹn. Oṣù 8 péré ni mo ti gbà á! Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ìyá mi tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹlòmíràn kí n tó sọ fún wọn, láti ọjọ́ Àìkú wọn ò gbé fóònù mi. Ṣé òótọ́ ni ti ọdún 2 yẹn? Kí ni màá sọ níbodè? Báwo lẹ̀yin ṣe bá àwọn òbí yín sọ ọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Lọ gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn padà lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àlàyé yòókù lè dúró. Nígbà tí ìjọ rán èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi lọ sí Abidjan, green card, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, wà lọ́wọ́ wa, a rò pé ó ti tó. A ò mọ̀ pé bó bá ti máa tó ọdún 1, re-entry permit, ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, lèèyàn gbọ́dọ̀ ti tọrọ kó tó kúrò nílé. Nígbà tá a padà dé, ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti ya wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó tá a san fún lọ́yà lẹ́yìn náà ì bá kan òrùlé ilé ìjọ tá a fi sílẹ̀ láìparí. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń ka èyí, I-131 ni fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi tọrọ permit yẹn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọ lẹ ń lọ ṣe, N-470 náà wà, kí àsìkò tẹ́ ẹ lò níta má baà da ìwé ọmọ onílùú yín rú. Èkíní ò rọ́pò èkejì o.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, Croydon
Òótọ́ lọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn. ILR máa ń bọ́ bí èèyàn bá lo ju ọdún 2 lọ níta láìwọlé. Àwọn kan á ní kó o máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá ti kó ẹrù kúrò ní Leeds, tí òṣìṣẹ́ ibodè wá bi ọ́ pé ibo gan-an nilé rẹ, kí lo fẹ́ sọ? Wò ó báyìí: bí èèyàn bá ti ní ILR fún oṣù 12, ó lè béèrè ìwé ọmọ onílùú. Oṣù 4 ló kù fún ọ! Ṣírò ọjọ́ tó o ti lò níta: kò gbọ́dọ̀ ju 450 lọ láàárín ọdún 5, kò sì gbọ́dọ̀ ju 90 lọ nínú ọdún tó kẹ́yìn. Bẹ ìjọ kí wọ́n sún Oṣù Kẹsàn-án síwájú. Bó o bá ti di ọmọ onílùú, kò sẹ́ni tó máa ka ọjọ́ sí ọ lọ́rùn mọ́.

Àbúrò Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ẹ ṣeun, sà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé alàgbà kan ti sọ fún mi pé bí mo bá ń dúró de pálí, ìgbàgbọ́ mi ò tó nìyẹn. Pé ẹni tí Ọlọ́run pè kì í wẹ̀yìn.

Ọmọ Ajílété, Toronto
Bá mi kí alàgbà yẹn. Kí wọ́n ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22. Nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti fi pàṣán lù ú, kí ló fà yọ? Ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù lòun. Pálí ló fà yọ! Ìgbàgbọ́ ta ló wá ju ti Pọ́ọ̀lù lọ níjọ yín?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, nítorí ìwé ni wọ́n fi lé àwọn bàbá wa kúrò ní Gánà. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí Kumasi, lọ sí Tamale, dé Tógò tó o ń lọ yìí. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó rán wọn. Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà, tó bá di ọjọ́ ìsinmi wọ́n á pé jọ, wọ́n á kọrin ní Yorùbá. Ní Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Inú ilé ìjọ wo ló máa kún lẹ́yìn ìyẹn? Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó padà wálé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Torí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ọmọ yìí pé ìwé ò ṣe pàtàkì. Títọ́jú ìwé wà lára iṣẹ́ náà.

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Ní ti ibodè, kí ló ṣòro níbẹ̀? Ṣe bí pálí ewé, ti Nàìjíríà, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fún ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 90 ní Tógò láìgba físà. Oní-pálí Gẹ̀ẹ́sì ló ní láti gba físà níbẹ̀, torí náà, bó o bá tiẹ̀ gba tìbí, má ju tilé nù. Gba Lagos wọlé: Sèmè, Kùtọnu, ibodè Hilla-Condji, o ti dé Lomé. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹbí lo wá kí. Bó o bá ti pe orúkọ ìjọ pẹ́nrẹ́n, ìbéèrè ò ní tán. Báyìí la ṣe máa ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Houston
Rárá o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ́ ọmọ yẹn ní irọ́. Èèyàn á fi irọ́ wọ ìlú, á wá dìde ní ọjọ́ Àìkú láti wàásù òtítọ́?

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Ìyá mi, agbọ̀n ni wọ́n fi sọ Pọ́ọ̀lù kalẹ̀ lójú ògiri ní Damasku. Ṣé ó kọ́kọ́ lọ dágbére fáwọn ẹ̀ṣọ́ ni?

Ọmọ Olúmọ, Peckham
Ẹ̀gbọ́n, inú agbọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà, kò kọ fọ́ọ̀mù kankan, kò sì sọ pé ẹ̀wà lòun 😂😂

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Ráhábù tó fi irọ́ bo àwọn amí ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, Croydon
Ìjọ wo ló kọ lẹ́tà lé Ráhábù lọ́wọ́? 😂 Ẹ gbọ́ o, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 90 lófẹ̀ẹ́ ni, ọdún 3 ni tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba carte de séjour, ìwé ìgbélùú wọn. Bó bá ti sọ níbodè pé ẹbí lòun wá kí, kí ló máa sọ ní ọ́fíìsì lẹ́yìn oṣù 3? Nọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ rẹ̀ máa kan aláìsàn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn kan, ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Ọmọ Kúdẹtì, Dublin
Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ, àwa mélòó kan wọlé, gbogbo wa ní ìbẹ̀wò la wá ṣe. Wọ́n ní ká ṣí báàgì. Lẹ́tà ìjọ wà nínú tèmi, òǹtẹ̀ pupa gbàǹgbà, pẹ̀lú ètò ìsọjí látọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n dá wa padà, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ìlú náà tó fẹ́ gbà wá sílé ni wọ́n ń pè sí àgọ́ ọlọ́pàá léraléra lẹ́yìn náà. Àwa padà sílé wa, òun ò ní ilé míì. Ẹni tá a fẹ́ lọ ràn lọ́wọ́ la kó sí wàhálà. Ẹ má tún gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Ó dùn mí láti gbọ́ ìyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú wa là ń tú sílẹ̀ níbodè. Ohun tí wọ́n bá bi èèyàn ni kó dáhùn. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ọmọ Ajílété, Toronto
Ìyẹn dára, bí ìdáhùn náà bá ti jẹ́ òótọ́. Àwọn bàbá wa ní Tamale, oníṣòwò ni wọ́n pe ara wọn, òwò ni wọ́n sì ń ṣe. Pọ́ọ̀lù pàgọ́ pẹ̀lú Àkúílà àti Pírísílà, àgọ́ náà sì dúró. Àbúrò, nọ́ọ̀sì ni ọ́. Sọ pé nọ́ọ̀sì ni ọ́, sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà, jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ fún ọ ní Faransé. Tógò kì í lé oníwàásù, kí la fẹ́ fi irọ́ ṣe níbẹ̀?

Dókítà Ìjẹ̀ṣà, Birmingham
Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ibà. Àbúrò, ọdún mélòó lo ti wà níbí? Agbára tí ara rẹ ní lòdì sí ibà nígbà tó o wà ní Ṣakí ti dín kù gan-an. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sílé fún Kérésì láìlo oògùn, tí wọ́n ní “ẹ̀fọn ilé mọ̀ wá”, tí wọ́n sì gbé e wá sórí bẹ́ẹ̀dì ICU. Ẹ̀fọn ò mọ ọmọ ẹnì kan. Lọ rí àwọn travel clinic, sọ fún wọn pé ọdún 3 ni, kì í ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2, torí oògùn tí wọ́n máa fún ọ lè yàtọ̀. Bó bá jẹ́ doxycycline, rántí pé wàá máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tó o bá kúrò níbẹ̀. Máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Yellow card pọn dandan láti wọ Tógò, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì tó níyì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni láyé báyìí, kò sí àtúngbà.

NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí, ńkọ́? Kí orúkọ rẹ má baà kúrò níwèé wọn, iṣẹ́ wákàtí 450 láàárín ọdún 3, ẹ̀kọ́ wákàtí 35. Máa kọ gbogbo wákàtí tó o bá ṣe ní Kara sílẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, Croydon
Àti National Insurance! Béèrè bí wàá ṣe máa dá a san láti ibẹ̀, kí ihò má baà wà nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Ẹni tó lọ sìn Ọlọ́run náà ń darúgbó.

Ọmọ Olúmọ, Peckham
Ní ti ìyá rẹ, ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ wá láti ilé wa. Àjàyí Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Abẹ́òkúta ló ti padà rí ìyá rẹ̀ ní 1846, nígbà tó bá iṣẹ́ ìhìnrere débẹ̀. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló gbé e padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ìyá Crowther rò pé ọmọ òun ti kú. Àbúrò, ìyá tìrẹ wà láàyè ní Ṣakí, ó ń wo WhatsApp, ó rí i pé ọmọ òun wà lórí ìlà tí kò pè. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ fún wọn. Jẹ́ kí ẹnì kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bá ọ bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ wọn tàbí àbúrò bàbá rẹ. Kó o tó pè, kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Ọmọ Kúdẹtì, Dublin
Ẹ̀gbá ti gbé Crowther dé o, a ò ní sùn lónìí. Ẹ sọ fún wọn pé Ìbàdàn náà ní tiwa. Ní Kúdẹtì ni Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì, gbé. Nígbà ogun Ìjàyè, ọ̀nà dí, ẹrù ò wọlé mọ́, wọn ò sì sá. Ìyẹn ni ìfaradà.

Ọmọ Olúmọ, Peckham
Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti gbọ́ ìròyìn náà 😂

Ọmọ Ajílété, Toronto
Ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n gbé ìhìnrere wá fún yín ni. Ògbómọ̀ṣọ́ gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ta ló jù?

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Badagry ti gbà á ní 1842, ẹ jókòó.

Dókítà Ìjẹ̀ṣà, Birmingham
Ohun tó ń dá mi lọ́fun tólò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé fufu tí wọ́n ń jẹ ní Tógò, iyán ni. Iyán gidi, isu tí wọ́n gún nínú odó! Ọmọ yìí á máa gbọ́ ìró odó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èmi ń po ìyẹ̀fun inú pàlí ní Birmingham.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ wá sí Houston. Odó wà nílé mi. Ewédú tútù wà lẹ́yìnkùlé, oòrùn wa kì í bá yín ṣeré.

Ọmọ Olúmọ, Peckham
Peckham ni wọ́n ń pè ní ọjà. Ṣàkì, bọ̀kọ̀tọ̀, pọ̀nmọ́ ìjẹ̀bú, kí lẹ fẹ́? Houston ń gbin ewédú, àwa ń rà á kí òjò tó dá.

Ọmọ Kúdẹtì, Dublin
Ẹ má dárúkọ iyán mọ́, mo bẹ̀ yín. Ìgbà ọyẹ́ ni mò ń rántí, tá a bá ti padà láti ibi àìsùn, tí ètè wa ti gbẹ, tí ìyá wa á ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀. Àbúrò, Kara sún mọ́ ilé jù ibi tí gbogbo wa wà lọ. O ò mọ bí mo ṣe ń jowú rẹ.

Àbúrò Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ọ̀gá mi ti gbà, wọ́n dá ìwé náà padà fún mi! Màá pe ìjọ lọ́la nípa oṣù 4 yẹn. Alàgbà yẹn wà nínú ìgbìmọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n tún ní àwọn ará Kara máa ń fi igbá ọtí ọkà bàbà kí àlejò, bíi bùrùkùtù. Kí lèèyàn ń ṣe tí wọ́n bá nà án sí i?

Bùọ̀dá Sunday School, Manchester
Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, gbé e fún àgbàlagbà tó bá sún mọ́ ọ jù. Inú wọn á dùn, òun náà inú rẹ̀ á dùn jù.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ní èyí, mo gbà pẹ̀lú yín 😂 Ta ló ní ìwé ìkọ́ni Faransé nílé tó ti di àpatì? Ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní Leeds, ẹ má jẹ́ kó rà á. Peckham, bí ẹ bá ń lọ, ẹ fi pọ̀nmọ́ díẹ̀ sí i.