Ogún ilẹ̀ fún ọmọbìnrin ní ilẹ̀ Òkun: òfin wo la lè dì mú?

Ẹ òkun o, ẹ̀yin ará. Kàbà la wà, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Wọ́n ń pín oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀, àwọn àbúrò bàbá wa sì ní obìnrin ò pín níbẹ̀, torí ilé ọkọ là ń lọ. Bẹ́ẹ̀ àwa náà la ń roko ọ̀hún!

Nàìjíríà fọwọ́ sí CEDAW, àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ du obìnrin, lọ́dún 1985. Àmọ́ abala 12 ìwé òfin 1999 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ò lágbára òfin àfi bí Ilé Aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin, wọn ò sì tíì ṣe é. Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2014, Ukeje sí Ukeje: wọ́n fi abala 42 ìwé òfin yẹn, tó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ du èèyàn torí pé ó jẹ́ obìnrin, fagi lé àṣà Ìgbò tó ń fi ogún du ọmọbìnrin.

Ṣé ìdájọ́ yẹn de àṣà Òkun náà? Ṣé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ la máa kọ́kọ́ lọ, àbí ilé ẹjọ́ gíga tààrà? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹjọ́ yìí ní Ìjùmú tàbí Yàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí wo ni wọ́n bi yín? Ẹ má sọ pé ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ o, a ti gbọ́ ìyẹn tó.