Ẹ gbà mí o: ta ló lè tẹ kọ́míìkì 200 kí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé?

Àdùkẹ́Pẹ́ńsù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, mo nílò atẹ̀wé tí kò ní já mi kulẹ̀. Kọ́míìkì ni, ẹ̀dà 200, aláwọ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa pàtẹ rẹ̀, mo sì ti sanwó tábìlì. Àwòrán ti parí, lẹ́tà inú bálúùnù ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Ta ni kí n gbé e fún? Ẹ má bínú, mò ń kánjú ni.

KálàMẹ́rin
DI ni o, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà 200, ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Onípanu l'Ékòó, ẹ gba Shipeolu wọlé, tàbí kí ẹ lọ sí ìhà Bajulaiye. Ẹ má dá àwọn tó ń pe oníbàárà lójú títì lóhùn. Alágbàtà ni púpọ̀ nínú wọn, wọn ò ní ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé fáìlì yín fún, wọ́n á sì bu owó tiwọn lé e. Ibi tí ẹ̀rọ DI àti ẹ̀rọ ìgéwé bá ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ má béèrè iye tí wọ́n ń tẹ ìwé kan. Ẹ béèrè iye shíìtì SRA3 kan (ó fi díẹ̀ tóbi ju A3 lọ), ojú méjèèjì, lórí art paper 115 gsm (gsm ni wọ́n fi ń wọn bí ìwé ṣe wúwo tó). Bí ìwé yín bá jẹ́ A5, ojú-ìwé mẹ́jọ ló ń wọ shíìtì kan. Bó bá jẹ́ A4, mẹ́rin péré ni. Fún ojú-ìwé 24 pẹ̀lú kọ́fà, ẹ̀dà 200 A5 máa jẹ shíìtì 700. A4 máa jẹ 1,400. Ìlọ́po méjì owó nìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà.

Ojú-ìwé mélòó ni? Ìwọ̀n wo?

Bàbá Pléètì
Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. DI dára, ṣùgbọ́n toner ni, kì í ṣe yíǹkì. Orí ìwé ló ń dúró sí, kì í wọ inú rẹ̀. Àbúrò, bí inú ìwé rẹ bá lè jẹ́ dúdú lórí funfun, gbé inú lọ sí offset, ẹ̀rọ tó ń fi pléètì tẹ̀wé, kí o tẹ kọ́fà nìkan ní DI. Bond 100 gsm ti tó fún inú; 80 gsm á jẹ́ kí dúdú ẹ̀yìn yọ síwájú.

KálàMẹ́rin
Ọ̀gá, aláwọ̀ ló kọ síbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ojú-ìwé 24 ní A4, mẹ́rin lórí shíìtì kan, shíìtì 6. Ojú méjì-méjì, ó di 12. Àwọ̀ mẹ́rin, pléètì 48. Kọ́fà ò sí níbẹ̀ o. Pléètì 48 nítorí ẹ̀dà 200! Ìwé tí wọ́n á fi ṣòfò kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jókòó síra á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀.

Bàbá Pléètì
Orí GTO, ẹ̀rọ offset kékeré, ni ìwọ ti ń ṣírò. Lórí ẹ̀rọ tó ń gba 52 × 74, pléètì 24 ni. Ṣùgbọ́n mo gbà, 200 kéré. Ká ní 1,000 ni, èmi àti ìwọ ì bá jọ jiyàn rẹ̀.

TúndéTábílẹ́ẹ̀tì
Kí lẹ tún ń fi ìwé ṣe láyé òde òní? Ẹ gbé e sórí Webtoon, ìkànnì kọ́míìkì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gé ojú-ìwé sí páńẹ́lì, ẹ tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 800, kí gíga àwòrán kọ̀ọ̀kan má kọjá 1,280. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi ju ti inú ìwé lọ nítorí orí fóònù ni wọ́n á ti kà á. Kò sí atẹ̀wé, kò sí wàhálà.

KálàMẹ́rin
Túndé, tábìlì ló ti sanwó fún. Ṣé fóònù ló máa tò sórí tábìlì?

ÌyáÌtàn
Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó rán an lọ síbẹ̀. Ẹ̀dà 150 ni ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé àdúgbò yẹn bá mi tẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kó fún mi nìyí:

Ojú-ìwé ò tẹ̀ léra. Ìjà ti parí ká tó rí ẹni tó kọ́kọ́ gbáni létí.

Dúdú ò dúdú. Inú àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ní òjìji pupa lápá kan, àwọ̀ omi aró lápá kejì.

Wọ́n gé bálúùnù etí ìwé dànù tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀.

Kọ́fà bó níbi tí wọ́n ti ká a, funfun yọ látòkè délẹ̀.

Wọ́n ní bí mo ṣe fi fáìlì ránṣẹ́ ni àwọn ṣe tẹ̀ ẹ́. Kò sí kọ́bọ̀ tó padà.

ADÉ_ONÍBÚRỌ́Ọ̀ṢÌ
Háà! Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Olè ni gbogbo wọn.

Kọ́fàLódé
Ẹ̀yin ará, ta ni kó fi kọ́míìkì sílẹ̀ fún wọn mọ́ báyìí? Èmi náà fẹ́ tẹ tèmi lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀rù ti bà mí.

KálàMẹ́rin
Ẹ má bínú, Mà, mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, ọwọ́ wa àwa ayàwòrán ló ti wá.

Ti ojú-ìwé tí kò tẹ̀ léra: ẹ ti so 2 mọ́ 3, 4 mọ́ 5 bí òǹkàwé ṣe ń rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa gún ní pínnì láàárín kì í rí bẹ́ẹ̀ lórí shíìtì. Bí ó bá jẹ́ ojú-ìwé 24, ojú kan shíìtì àkọ́kọ́ máa ru 24 àti 1, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ru 2 àti 23. Shíìtì tó wà láàárín pátápátá ló máa ru 12 àti 13. Àròpọ̀ méjèèjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 25 níbi gbogbo. Ẹ fi ojú-ìwé ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú PDF kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí atẹ̀wé tò ó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó tẹ ẹyọ kan, kó gún un ní pínnì, kẹ́ ẹ ṣí i lójú rẹ̀.

Ti dúdú: RGB, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, lẹ fi ránṣẹ́. Dúdú RGB, tí ẹ̀rọ bá sọ ọ́ di CMYK, àwọ̀ ìtẹ̀wé (C omi aró, M pupa, Y yẹ́lò, K dúdú), àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń pín in sí; Photoshop nìkan, bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́, á sọ ọ́ di nǹkan bíi 75, 68, 67, 90. Bí ìwé bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, òjìji dé. Lẹ́tà àti ilà tín-ín-rín, K 100 nìkan. Ibi dúdú gbàgàdà, bí ojú ọ̀run òru, ẹ lè fi C 60, M 40, Y 40, K 100 sí i kó lè jinlẹ̀.

Ti bálúùnù: ẹ ò fi bleed 3 mm, ìyẹn àwòrán àlékún tí wọ́n máa gé dànù, sílẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n máa gé, ẹ ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jìnnà tó 8 mm sí etí.

ÌyáÌtàn
Ṣé iṣẹ́ atẹ̀wé kọ́ ni láti wo fáìlì kó tó tẹ̀ ẹ́? Télọ̀ tó bá rí i pé apá kan gùn ju ìkejì lọ, ṣé kò ní pe ẹni tó ni aṣọ?

Bàbá Pléètì
Ọ̀rọ̀ ÌyáÌtàn ni mo gbà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á pè ọ́. Ti kọ́fà sì rèé, ẹ̀bi atẹ̀wé ni, kò kan ayàwòrán rárá. Art card 250 gsm tàbí 300, o gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ creasing tẹ ojú ibi tí o máa ká kí o tó ká a, kí okùn inú ìwé sì bá ẹ̀yìn ìwé lọ ní gígùn. Bí o bá ká a lódìkejì okùn, toner á bó. Kí wọ́n fi lamination matt (ọ̀rá tí kì í dán) bò ó kí wọ́n tó tẹ ojú ìká. Ìgbà òjò rèé, ìwé ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Tí lamination bá wà lójú kan ṣoṣo, kọ́fà á ká sókè bí ewé gbígbẹ. Kí wọ́n fi nǹkan wúwo lé wọn lórí di ọjọ́ kejì.

KálàMẹ́rin
Ẹ ti wá ń sọ ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀: ibi tí ẹ̀rọ bá pé sí.

OníLẹ́tà
Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ó ní lẹ́tà ló kù. Èdè wo? Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ atẹ̀wé kọ́ ni ìṣòro rẹ.

Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì tí à ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ ò ní ẹ, ọ àti ṣ. Sọ́fítíwíà á lọ yá lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn láì sọ fún ẹ, bálúùnù á wá rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Èyí tó burú jù ni àmì ohùn. Unicode, ètò nọ́ńbà lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, fún "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún "é" ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" ò ní: "ẹ" ni, kí a tó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò fi ibi ìjókòó àmì sínú rẹ̀ á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé e gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. "Ọkọ rẹ̀ dé" àti "ọkọ̀ rẹ̀ dé" kì í ṣe ìtàn kan náà.

Bí àyè bá wà, ṣí fọ́ǹtì náà nínú FontForge, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún fọ́ǹtì ṣe, ọ̀fẹ́ ni, fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn kún un, ńlá àti kékeré, kí o sì fi anchor (ibi ìjókòó àmì) sí òkè gbogbo fáwẹ̀lì, àti sí n àti m. Kọ́kọ́ wo ìwé àṣẹ fọ́ǹtì bóyá wọ́n gbà kí o tún un ṣe. Bí kò bá sí àyè, lo fọ́ǹtì Andika. Ti àjọ SIL ni, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo àmì wa ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó dára bí lẹ́tà tí a fọwọ́ kọ, ṣùgbọ́n kò ní purọ́ mọ́ ẹ.

Lẹ́tà ńlá ni kọ́míìkì sábà ń lò. Àmì orí ìlà kejì á máa gbá àmì ìsàlẹ̀ ìlà àkọ́kọ́. Fi ààyè ìlà sí 140% ó kéré tán. Bálúùnù á ga sí i, nítorí náà gé ọ̀rọ̀ kù; má fún lẹ́tà pọ̀. Kí o tó gbé PDF jáde, sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán ilà. Nínú Inkscape, Object to Path ni.

Kọ́fàLódé
Ẹ ṣeun fún ti àmì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni kéèyàn máa ta ẹ̀dà kan?

Bàbá Pléètì
Kó gbogbo ohun tí o ná lórí ìtẹ̀wé pọ̀, pín in sí iye ẹ̀dà, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Bí iye yẹn bá ń dẹ́rù ba ìwọ fúnra rẹ, ìwé ti tóbi jù nìyẹn. Lọ sí A5.

Àdùkẹ́Pẹ́ńsù
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ má bínú pé n kò tètè dáhùn, iná ò sí. A4 ni mo yà á sí, 300 dpi, ojú-ìwé 22. Yorùbá ni, ẹ̀gbọ́n OníLẹ́tà. Bleed ò sí níbẹ̀. Mo sì gbàgbé láti sọ fún yín pé Ìbàdàn ni mo wà.

ADÉ_ONÍBÚRỌ́Ọ̀ṢÌ
ÌBÀDÀN!

KálàMẹ́rin
A ti ń fi Onípanu júwe ọ̀nà fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn.

Ó dáa. 22 ò ṣe é pín sí 4. Fi méjì kún un: ojú-ìwé kan fún orúkọ ẹni tó ṣe é àti bí wọ́n ṣe lè rí ẹ, ọ̀kan fún àwọn ìlà pẹ́ńsù tí o kọ́kọ́ fà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ ní A5. Ti bleed, dípò kí o dín A4 kù sí 71%, dín in kù sí 73.5%. Á ṣẹ́ kù díẹ̀ kọjá 3 mm yíká, òun ni wọ́n máa gé. Wò ó bóyá bálúùnù kankan wà ní bèbè. Lẹ́tà tó jẹ́ 10 pt lórí A4 á di nǹkan bíi 7 pt, nítorí náà kọ ọ́ ní 11 tàbí 12 báyìí tí o ò tíì ṣe é.

OníLẹ́tà
12. Àmì ohùn ní 7 pt, erùpẹ̀ ni òǹkàwé á pè é.

Àdùkẹ́Pẹ́ńsù
Mo ti sanwó o, ẹ má bínú. Ẹnì kan wà ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀rọ rẹ̀ wà níwájú mi, ó tẹ ojú-ìwé kan fún mi wò, àwọ̀ rẹ̀ mọ́. A4 náà ni, mo dín in kù sí ẹ̀dà 60, ó ní òun á fi spiral dì í. Ó ní spiral ò bìkítà nípa 4, ewé 11 ni. Wẹ́sídeè ni mo máa gbà á. Andika ni mo lò, 12 pt.

KálàMẹ́rin
Spiral. Bí ìwé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́.

TúndéTábílẹ́ẹ̀tì
Webtoon ò ní spiral.

Bàbá Pléètì
Ẹ fi í sílẹ̀. Ewé 11 tó jáde lákòókò sàn ju pínnì tó dé ní Sọ́ńdè. Àbúrò, ṣé o ti fi àyè ihò sílẹ̀? Spiral máa gba nǹkan bíi 12 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dín gbogbo ojú-ìwé kù sí 93%, kí ó ṣẹ́ kù nǹkan bíi 15 mm. Ti ojú-ìwé 1, 3, 5 sí ọ̀tún, ti 2, 4, 6 sí òsì. Bí o bá ti gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ihò á gba ojú akọni rẹ kọjá ní ìdajì ìwé náà.

Àdùkẹ́Pẹ́ńsù
Yéè. Ẹ jẹ́ kí n pè é kó dúró.

ÌyáÌtàn
Ṣé o ti san gbogbo owó náà tán?

Àdùkẹ́Pẹ́ńsù
Ìdajì ni, Mà. Ó ti dúró. Mò ń fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ báyìí, 1 sí ọ̀tún, 2 sí òsì. Ó ní spiral funfun ti tán, dúdú ló kù.

ÌyáÌtàn
Dúdú náà dáa. Ka ewé rẹ̀ pé 11 nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí o tó fún un ní ìdajì tó kù.