Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, áàpù kó gbogbo nọ́ńbà orí fóònù mi

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará mi. Mo yá owó kékeré kan lórí áàpù oṣù tó kọjá, ọjà ò yá, mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ kí n tó san, àfi bí wọ́n ṣe ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi pé olè ni mí, títí kan ìyá ọkọ mi! Kọ́sítọ́mà tó ti ń ra àǹkárá lọ́wọ́ mi ọjọ́ ti pẹ́ pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ọmọ àbúrò mi wá ní kí n máa lo open source. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ń sanwó ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó dùn mí gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wọ Settings, ẹ wá Permissions, áàpù tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ Contacts tí ò níṣẹ́ níbẹ̀, ẹ lé e jáde. Èyí tí wọ́n ti kó lọ ò ṣeé gbà padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Open source dà bí alágbo tó tú ewé àti egbò ẹ̀ sílẹ̀ níṣojú yín kó tó sè é, ẹni tó bá mọ ewé á yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù ẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n kọ tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́, wà ní gbangba, tó bá ń jí nọ́ńbà kó, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè rí i kó sì pariwo. Ọ̀fẹ́ lọ̀pọ̀ ẹ̀. Ẹ wo Signal, áàpù open source tí wọ́n fi ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, kóòtù Amẹ́ríkà kan béèrè ọ̀rọ̀ oníbàárà wọn ní 2016, ọjọ́ tónítọ̀hún forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí kó jáde, torí wọn ò tọ́jú nǹkan míì.

Àǹtí Tíṣà:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn balẹ̀ jù. Ní 2024 ẹnì kan yọ́ kóòdù burúkú sínú xz, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, open source lòun náà. Andres Freund, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan, ló rí i pé kọ̀ǹpútà òun ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá tú u wò. Torí ó ṣeé tú wò ni wọ́n ṣe rí kóòdù burúkú náà. F-Droid, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù open source sórí fóònù Android, ni kẹ́ ẹ ti máa gba áàpù, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ tó bá ń tọpa èèyàn. Owó yíyá ní tiẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Aláṣọ:
Háà! Mo ti wò ó, áàpù tọ́ọ̀ṣì lásán-làsàn ló ń wo Contacts mi! Mo ti yọ ọ́ dànù. Ṣé ìyá ọkọ mi náà gbọ́dọ̀ ní Signal yẹn?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà:
Bẹ́ẹ̀ ni mà. Tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn, ẹ bá wọn fi sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó yẹn fún wọn.