Ọ̀rọ̀ lórí “yatto”: jàjà ni, àbí níkẹyìn?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí àtòjọ ọ̀rọ̀ Jàpáànì sí Yorùbá kọ “níkẹyìn” síwájú yatto (やっと), kó sì tún kọ “níkẹyìn” kan náà síwájú tōtō (とうとう) àti tsuini (ついに). Mi ò fara mọ́ ọn. “Níkẹyìn” ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá ń ka bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, tí a wá kan “níkẹyìn, ẹ bu iyọ̀ sí i”, ohun tó gbẹ̀yìn nínú ìtòtẹ̀léra là ń sọ, saigo ni (最後に) sì ni àwọn ará Jàpáànì ń lò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti há “yatto, níkẹyìn” sórí yóò kọ “yatto shio o iremasu”. Ẹni tó bá kà á á máa rò ó pé bóyá iyọ̀ ló wọ́n lọ́jà.

Nǹkan mẹ́ta ni yatto ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà: à ń retí ohun náà, ó pẹ́ tàbí ó ni wá lára kó tó bọ́ sí i, ó sì ti wá ṣẹlẹ̀, ọkàn balẹ̀. “Basu ga yatto kita”: bọ́ọ̀sì náà jàjà dé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká fún un nìyẹn, jàjà, wúnrẹ̀n kékeré tó máa ń jókòó sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. “Mo jàjà rí i.” “Wọ́n jàjà san owó náà.” Ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé wàhálà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò dìgbà tí a bá ròyìn rẹ̀.

Ìyísódì ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe rẹ́gí. Yatto kì í bá ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rìn. Bí ẹni tí à ń retí kò bá wá rárá, “yatto konakatta” kò ṣeé sọ, nítorí pé kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan níbẹ̀. “Tōtō konakatta” ni, tàbí “tsuini konakatta”. Ẹ wá gbé e sí Yorùbá. “Kò pàpà wá” ń lọ geere. “Kò jàjà wá” ń kọ́ni lẹ́nu. Èdè méjì tí kò bára tan, ibi kan náà ni wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ìdí rèé tí mo fi ní kí jàjà lọ fún yatto, kí pàpà lọ fún tōtō.

Bọ́ọ̀lù Jàpáànì ni ẹ lè fi dán an wò. Ní oṣù kẹwàá 1993, ní Doha, Ìràkì gbá góòlù wọlé sí wọn nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, ó di 2–2, ọ̀nà Ife Àgbáyé 1994 sì dí mọ́ wọn. “Tōtō derarenakatta”, wọn ò pàpà rí i lọ. Yatto kò lè sún mọ́ gbólóhùn yẹn. Ní oṣù kọkànlá 1997, ní Johor Bahru ní Màléṣíà, wọ́n na Ìránì 3–2, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ Faransé 1998, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Níbí, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Yatto ni ẹni tó ti ń retí láti Doha máa sọ pẹ̀lú èémí gígùn. Tsuini bá àkọlé ìwé ìròyìn mu ju, nítorí pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà hàn bí ohun ńlá tó dé góńgó. Mi ò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. “Àṣẹ̀yìnwá-àṣẹ̀yìnbọ̀” níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló sún mọ́ ọn jù, òun náà sì ń gba rere, ó ń gba búburú.

Àtakò kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àwọn kan ní jàjà ti di ọ̀rọ̀ àgbà, ọ̀dọ́ kì í lò ó mọ́. Ó dáa, agbára káká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtòjọ náà sì nílò ó dandan, torí pé yatto lè di kókó gbólóhùn pẹ̀lú da tàbí desu, tó ń ṣiṣẹ́ bíi “ni” tiwa. “Tatte iru no ga yatto da”: agbára káká ni mo fi dúró. Jàjà kò lè wọ ibẹ̀, tōtō àti tsuini kò sì lè wọ̀ ọ́ ní ti Jàpáànì náà. Bákan náà ni “yatto no koto de”, èyí tí ń jẹ́ “pẹ̀lú agbára káká”. Ìlà méjì ni yatto nílò: jàjà nígbà tó bá wà ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, agbára káká nígbà tó bá jẹ́ òun ló parí gbólóhùn.

Yōyaku (ようやく) fara jọ yatto, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀ jù ú lọ, inú ìwé ló sì pọ̀ sí. Kanji (àmì ìkọ̀wé tó ń gbé ìtumọ̀) tí wọ́n fi ń kọ ọ́, 漸, ń sọ ohun tó ń lọ ní díẹ̀díẹ̀. “Díẹ̀díẹ̀, ó wá…” tó o. Iyoiyo (いよいよ) kò yẹ kó wà nínú agbo yìí rárá, nítorí ohun tó ń sọ lè má tíì ṣẹlẹ̀: “iyoiyo ashita da”, ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀la ni.

Ẹ má gbàgbé ìbọ̀wọ̀. “Yatto irasshaimashita ne” ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe àpọ́nlé, síbẹ̀ ìbínú ẹni tó ti dúró pẹ́ wà nínú yatto. Ó dà bí ìgbà tí a sọ fún ọ̀gá pé “Ẹ jàjà dé, sà”. “Ẹ” àti “sà” kò lè bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. “Omachi shite orimashita”, a ti ń retí yín, ló yẹ ẹni ọ̀wọ̀.

Ní ti pípè, ìwọ̀n mẹ́ta ni yatto: ya, ìdádúró kan, to. っ kékeré ni wọ́n fi ń kọ ìdádúró náà. Ahọ́n Yorùbá máa ń fò ó, yóò wá fẹ́ dún bíi yàtọ̀ tiwa. Tōtō gba ìwọ̀n mẹ́rin, kí ẹ fa fáwẹ̀lì méjèèjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Pàpà láìsí àmì ohùn lè di pápá lójú ẹni tó ń kà á, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi pàápàá rọ́pò rẹ̀. Bí àtòjọ náà bá máa jáde láìsí àmì, kí wọ́n kúkú kọ odindi gbólóhùn síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.