Ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn òfì: ìrírí mi pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ dìsáínà Èkó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti sọ ìrírí wọn nípa àwọn ọ̀dọ́ dìsáínà Èkó ló sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà tó ra aṣọ tàbí ẹni tó lọ wòran. Ibi tí èmi ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ ahunṣọ ni mí láti Ìsẹ́yìn, aṣọ òkè ni mo sì ń tà ní Erékùṣù Èkó láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, nítorí náà ẹ̀yìn òfì tí a fi ń hun aṣọ àti ìdí igbá ọjà ni mo ti ń rí wọn, kí aṣọ wọn tó di ohun tí àwọn èèyàn ń yà ní fọ́tò. Ohun kan dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn, àwọn tó gbà láti jókòó ti ahunṣọ àti aláró, kí wọ́n lè mọ ohun tí aṣọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ni iṣẹ́ wọn ń dára ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn náà ni mo sì ń rí tí wọ́n ń pẹ́ nídìí iṣẹ́.

Kì í ṣe òní ni Èkó ti ń mú irú wọn jáde. Àwọn àgbà nínú wa kò ní gbàgbé Shade Thomas-Fahm, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní London, tó padà wálé ní 1960, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Èkó nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì gbà pé aṣọ òyìnbó ló bójú mu jù. Òun ló fi síìpù sí ìró kí obìnrin lè wọ̀ ọ́ bíi síkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tó jẹ́ pé ńṣe la ó kàn dé e sórí. Lójú tèmi, òun ló la ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ òní ń tọ̀, nítorí pé kò kọ aṣọ ilé sílẹ̀ kó tó lè bá ayé òde òní mu.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oríṣi oníbàárà kan ṣoṣo ni mo ní: àwọn ẹbí tó ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà tàbí ìwúyè. Wọn á mú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ wá, a ó ta òwú sórí òfì, a ó hun ún, agbádá tàbí ìró àti bùbá ni yóò sì dà. Lẹ́yìn tí Omoyemi Akerele dá Lagos Fashion Week, ìfihàn aṣọ ọdọọdún, sílẹ̀ ní 2011 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí oríṣi mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ìwọ̀nba díẹ̀, tó ń fọwọ́ pa etí aṣọ wò, tó sì ń béèrè irú òwú tí a fi hun ún. Ọdún yẹn kan náà ni Adebayo Oke-Lawal bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ Orange Culture, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà fún ẹ̀bùn tí LVMH, ilé iṣẹ́ ọjà olówó ńlá ilẹ̀ Faransé, ń fún àwọn ọ̀dọ́ dìsáínà, ní 2014. Nígbà tó di 2019, Kenneth Ize, tó fi aṣọ òkè ṣe òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀, dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn kan náà, Naomi Campbell, gbajúmọ̀ afaṣọhàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wọ aṣọ rẹ̀ rìn lórí pèpéle ní Èkó lọ́dún náà, kó tó tún wọ̀ ọ́ ní Paris ní 2020. Bí ìròyìn yẹn ṣe dé ọjà wa, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ka aṣọ òkè sí aṣọ òde àwọn bàbá wọn wá ń bi mí bóyá a lè fi rán kóòtù, ṣòkòtò àti jákẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, yàrá kan ní Súrùlérè ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ kú ọjà o, Màmá. Mo fẹ́ ra aṣọ òkè tí mo lè gé.”

Mo bi í pé, “Gbogbo èyí tí o rí nílẹ̀ yìí ńkọ́? Báwo lo ṣe fẹ́ gé e?”

Ẹni tí kò bá mọ aṣọ òfì lè má mọ ìdí tí mo fi bi í bẹ́ẹ̀. Tóóró ni òfì tí àwọn ọkùnrin ń lò. Aṣọ tó ń ti orí rẹ̀ jáde kì í sábà fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún lọ, gígùn rẹ̀ ló máa ń pọ̀. Àwọn ojú aṣọ tóóró wọ̀nyí ni a ń kàn mọ́ra wọn kí wọ́n tó di ìró tàbí agbádá. Etí méjèèjì ojú aṣọ kọ̀ọ̀kan ti dì láti orí òfì, kò lè tú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ láàárín, pàápàá tí ẹ bá gé e yípo bí abẹ́ apá tàbí ọrùn, òwú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìrán yóò sì là. Ìdí nìyẹn tí agbádá àwọn baba wa fi jẹ́ onígun mẹ́rin gbàgẹ̀rẹ̀, tí a kò fi ń gé e ní ìgékúgèé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ lórí àńkárá kò mọ èyí. Wọ́n á gé e bí wọ́n ṣe ń gé àńkárá, nígbà tó bá ń tú, wọ́n á lẹ sítéè, aṣọ líle tí télọ̀ ń fi sí abẹ́ aṣọ, mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ títí aṣọ yóò fi gan bíi páálí. Irú kóòtù bẹ́ẹ̀ a máa dára nínú àwòrán. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè na apá.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó ní, “Màmá, ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú mi lọ bá ẹni tó ń hun ún.”

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Ìsẹ́yìn. Bó ṣe wọlé ló kúnlẹ̀, ó ní, “Ojúgbooro o, Bàbá.” Àbúrò mi kì í tètè túra ká sí àlejò, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, torí kò retí pé ọmọ Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ahunṣọ. Ọmọ náà jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo bí ọ̀kọ̀ tó gbé òwú ìdábùú ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ ipò, bí òwú gígùn tí òkúta dì mú lọ́ọ̀ọ́kán ṣe ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń hun ún. Lẹ́yìn náà ló yọ bébà pátánì rẹ̀ síta.

Kóòtù obìnrin ló yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yà á bí télọ̀ ṣe ń yà á. Ó ti pín in sí ojú aṣọ lóròó láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ gígùn ojú kọ̀ọ̀kan sí i lára: ti ẹ̀yìn gùn jù, ti iwájú kúrú sí i, èyí tó wà lábẹ́ apá ló kúrú jù lọ. Ohun tó ń lé ni pé kí etí tó ti dì láti orí òfì jẹ́ etí kóòtù fúnra rẹ̀, kí ó má sí ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà kọjá yípo àfi ọrùn nìkan. Apá rẹ̀ jẹ́ ojú aṣọ gbọọrọ tí a kàn mọ́ èjìká bí ti bùbá, ó sì fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí abíyá kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè gbé apá sókè.

Àbúrò mi gbé bébà náà dání, ó wò ó títí. “Ìwọ lo ro èyí?”

“Èmi ni, Bàbá. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó ṣeé hun.”

“Ó ṣeé hun. Òwú tí o mú wá yìí ni kò lè gbà á.”

Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ló mú wá, nítorí ó ní aṣọ òkè dídán tí gbogbo ayé ń rà fún ìgbéyàwó máa ń họ ara, ó sì ń mú ooru, pé kò sí ẹni tó máa wọ irú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi mọ̀ pé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá ta gbọọrọ lórí òfì yóò máa já, ló bá dámọ̀ràn pé kí wọ́n lọ́ méjì pọ̀ fún èyí tí a ó ta, kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣe ti ìdábùú. Ẹnu wọn kò kò lórí àwọ̀. Àbúrò mi fẹ́ kí ó jẹ́ ẹtù, aró dúdú tó ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń hun ún, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ kí ìlà kan láàárín jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Àbúrò mi ní ẹtù kọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni mo gbè sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì sọ ọ́ níbẹ̀: àlàárì tí a ń pè ní aṣọ ìṣẹ̀ǹbáyé, òwú pupa tí wọ́n ń kó wá láti òkè Sàhárà ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ní kì í ṣe tiwa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Wọ́n hun ún pẹ̀lú ìlà ọsàn náà. Nígbà tí kóòtù náà parí, èérún aṣọ tó ṣẹ́kù lórí tábìlì rẹ̀ kò kún ọwọ́, bẹ́ẹ̀ télọ̀ tó bá gé kóòtù lọ́nà ti tẹ́lẹ̀ a máa da ohun tó pọ̀ nù nínú aṣọ tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ hun.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ èyí náà. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan wà tó kó aṣọ lọ́wọ́ wa fún ìfihàn, tó ní òun yóò san owó tí òun bá tà á. Owó náà pẹ́ kó tó wọlé, ìdajì rẹ̀ kò sì wọlé rárá, nígbà tí wọ́n sì ń bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n ní inú ilé iṣẹ́ àwọn ni wọ́n ti hun ún. Ó dùn mí gidigidi, nítorí mo mọ ẹni tó jí ní ìdájí láti hun ún. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ wá burú sí i láti 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, tí náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ òwú àti aró tí a ń lò ti ń wá, nítorí náà ahunṣọ tí a kò bá sanwó fún lásìkò yóò padà dé ọjà òwú, yóò sì rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò lè ra ìdajì ohun tó rà tẹ́lẹ̀.

Àdéhùn ọmọ Súrùlérè yẹn pẹ̀lú àbúrò mi ni mo wá ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá wá bá mi: ìdajì owó kí a tó ta òwú, ìyókù lọ́jọ́ tí aṣọ bá dé, owó ọ̀tọ̀ fún aṣọ àyẹ̀wò tí wọn kò bá lò, àti orúkọ ahunṣọ lára àmì tó wà nínú ọrùn aṣọ. Ọmọ àbúrò mi tó ti fi òfì sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà ti padà sídìí rẹ̀, torí pé iṣẹ́ ọmọbìnrin náà kì í dúró de ìgbà ìgbéyàwó.

Àwọn aláàdìrẹ náà ní irú tiwọn. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan ní Yábàá tó ń lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya láfún sára aṣọ fúnra rẹ̀, ní ìgbà tí àdìrẹ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà kún ọjà fọ́fọ́. Nígbà tí Adeju Thompson ti ilé iṣẹ́ aṣọ Lagos Space Programme, tí àdìrẹ jẹ́ ìpìlẹ̀ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, gba Woolmark, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn dìsáínà, ní 2023, ọ̀dọ́kùnrin náà pè mí lórí fóònù, kò sì lè sọ̀rọ̀ tán fún ìdùnnú. Àwọn mìíràn ń lọ sí ọjà Kàtàǹgúà ní Èkó lọ ṣa òkìrìkà, wọ́n ń tú u, wọ́n sì ń fi rán aṣọ tuntun. Mo gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí Lagos Fashion Week gba Earthshot, ẹ̀bùn àgbáyé fún ìtọ́jú àyíká, ní 2025, ní abala dídín pàǹtírí kù.

Ní báyìí, aṣọ tó fẹ̀ ju ti òfì lọ ni ọmọ Súrùlérè náà ń wá, nítorí àwọn pátánì tuntun tó ń yà kò bá ojú tóóró mu mọ́. Mo sọ fún un pé kíjìpá ló yẹ ẹ́, aṣọ tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìnàró, tó nípọn, tó sì fẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ tó ń hun ún ti darúgbó. Bí ẹ bá mọ ìyá kan ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ṣì ń hun kíjìpá, tó sì lè gba ọmọbìnrin kan tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ahunṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi. Èmi ni n ó mú un wá.