Róbọ́ọ̀tì, ìwọ̀fà, àti ọ̀rọ̀ tí Asimov rò pé ó ti wà nílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé nínú ìtàn ìgbésí ayé Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a fẹ́ kọ fún àwọn ọmọ girama, kí a má lo "róbọ́ọ̀tì" rárá. Wọ́n ní ẹrú ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a kúkú pè é ní "ẹrú-irin". Àbúrò kan fèsì pé "ẹ̀dá-onírin" ló dáa jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú kì í dùn létí. Mo ti ka tọ̀tún tòsì. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹ̀gbọ́n, n kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Asimov kọ́ ló dá "robot" sílẹ̀. Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló kọ́kọ́ lò ó nínú eré onítàn rẹ̀, R.U.R., tó jáde ní 1920, tí wọ́n sì ṣe lórí ìtàgé ní Prague ní 1921. Čapek fúnra rẹ̀ sọ pé Josef, ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ayàwòrán, ló fi ọ̀rọ̀ náà ta òun lọ́rẹ. Inú "robota" ló ti fà á yọ. Robota kì í sì í ṣe oko ẹrú gan-an. Iṣẹ́ ọ̀ranyàn ayé àtijọ́ ni, tí àgbẹ̀ tó ń gbé lórí ilẹ̀ olóyè máa ń lọ ṣe fún olóyè náà láìgba owó, kó tó padà sí oko tirẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nílẹ̀ wa ni ìwọ̀fà ayé àtijọ́, ẹni tí a fi ṣe ìdúró nítorí owó tí a yá, tó ń sin olówó títí a ó fi san gbèsè. Ìwọ̀fà nílé, ó lébi, ó lóko tirẹ̀, olówó ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Torí náà, bó bá jẹ́ ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ la fẹ́ tẹ̀ lé, "ẹrú" kọ́ ló yẹ ká mú.

Ti "onírin" ńkọ́? Àwọn róbọ́ọ̀tì Čapek kò ní irin lára. Ohun tó jọ ẹran ara ni wọ́n fi ṣe wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan lórí erékùṣù, tó fi jẹ́ pé bí o bá pàdé wọn lọ́nà, wàá kí wọn "ẹ kú iṣẹ́" kọjá ni. Èyí tó wà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lóde òní sì rèé, irin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá lásán ni, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ó kàn ń jó irin mọ́ irin. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ẹ̀dá?

Asimov tí à ń tìtorí rẹ̀ jiyàn gan-an, ìdàkejì "ẹrú" ló fi àwọn ìtàn róbọ́ọ̀tì rẹ̀ wí. Ní ìgbà tirẹ̀, ìtàn róbọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ ni ti ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó padà wá pa á, bí ẹrú tó dìtẹ̀ mọ́ olówó rẹ̀. Ó sú Asimov. Ó ní onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá mọ ohun tó ń ṣe á fi ààbò sí i kó tó gbé e jáde, bí a ti ń fi èèkù sí ọ̀bẹ. Bí a bá wá fi "ẹrú-irin" sí orí ìwé nípa ọkùnrin yìí, a ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí kodò.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mo ṣe é ní ṣókí. Petrovichi ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1920; ní 1923 àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, Brooklyn ló sì dàgbà sí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta súìtì, ìwé ìròyìn àti mágásìnì ni bàbá rẹ̀ ní. Bàbá kò fẹ́ kó fọwọ́ kan mágásìnì onítàn wọ̀nyẹn, àfi ìgbà tó rí ọ̀kan tí wọ́n kọ "sáyẹ́ǹsì" mọ́ orúkọ rẹ̀, ló bá rọ̀. (Ẹ ò rí i pé orúkọ ń ṣiṣẹ́!) Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì ní Yunifásítì Columbia ní 1948, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Boston ní 1949. Ìwé tó kọ àti èyí tó ṣe olóòtú rẹ̀ tó nǹkan bí 500. Ọkùnrin tó ń fi kálàmù rìn láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀ yìí, ẹ̀rù bàálù a máa bà á. Ó kú ní 1992.

Ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀ ni "robotics". Nínú ìtàn kúkúrú kan tó ń jẹ́ "Liar!" ló ti kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù karùn-ún 1941, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Kò mọ̀ pé òun ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ń pe ìmọ̀ ẹ̀rọ ní "mechanics", ó gbà pé ti róbọ́ọ̀tì náà ti gbọ́dọ̀ wà níbì kan bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lò ó ṣáájú òun. Ọgbọ́n kan náà ni kí a lò. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ" ti wà lẹ́nu wa, "ìmọ̀ ìṣègùn" wà, "ìmọ̀ róbọ́ọ̀tì" sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìsí ìjà. Àwọn onímọ̀ èdè tó ṣiṣẹ́ èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ìmọ̀, fún wa kò bẹ̀rù àyálò, "fóníìmù" (ìró tó ń ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀) ni fóníìmù ń jẹ́ títí dòní. Ẹ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, kí ẹ béèrè ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Ọmọ tó ń tajà á rò pé ewì lẹ wá ké fún òun. N kò sọ pé kí a má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ o. "Iná mànàmáná" wọlé, ó rọrùn, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ ẹ̀kọ́ èdè kí ó tó yé e.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni òfin mẹ́ta tí Asimov fi lélẹ̀ fún àwọn róbọ́ọ̀tì inú ìtàn rẹ̀, nítorí èyí tí a kọ sínú àkọ́kọ́ṣe wa le bí igi. A kọ ọ́ pé róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ibi bá ènìyàn "nípasẹ̀ àìṣe nǹkan". Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kí a kọ ọ́ báyìí: róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ pa ènìyàn lára, kò sì gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́yìn máa wòran kí jàǹbá fi ṣe ènìyàn. Òfin kejì, kó máa jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn bá rán an, àfi èyí tó bá ta ko ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, kó máa dáàbò bo ara rẹ̀, bí kò bá ti ta ko méjì ìṣáájú.

Ẹnìkan ní kí a pè wọ́n ní "èèwọ̀". Ìmọ̀ràn yìí wù mí púpọ̀. Òfin ìjọba, ènìyàn lè rú u kí ọlọ́pàá má rí i, ṣùgbọ́n èèwọ̀ a máa jà fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí fún róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Herbie nìyẹn nínú "Liar!". Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, ó ń parọ́ dídùn fún wọn kí inú wọn má bàa bàjẹ́. Ọjọ́ tí Susan Calvin, onímọ̀ nípa ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, ká a mọ́ ibi pé bó sọ òótọ́, yóò dun ènìyàn, bó sì dákẹ́, yóò dun ènìyàn, ọpọlọ rẹ̀ dàrú síbẹ̀. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í rán ni níṣẹ́, òfin kejì sì rèé, iṣẹ́ jíjẹ́ ni. Èèwọ̀ kì í sì í ní ìwọ̀n. Nínú "Runaround" ti ọdún 1942, wọ́n rán róbọ́ọ̀tì kan, Speedy, lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury pé kó lọ bu kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ selenium wá. Ẹni tó rán an kò fi tipátipá sọ ọ́. Speedy fúnra rẹ̀ sì wọ́n lówó, wọ́n ti fi agbára kún òfin kẹta tirẹ̀. Bó bá sún mọ́ adágún selenium náà, ewu lé e sẹ́yìn. Bó bá sún sẹ́yìn, iṣẹ́ tí wọ́n rán an tún tì í síwájú. Ló bá ń yí adágún ká bí ọ̀mùtí, tó ń sọ kántankàntan. Ìgbà tí Powell, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀, fi ara rẹ̀ sínú ewu lójú rẹ̀ ni òfin àkọ́kọ́ tó borí méjì yòókù. Ohun tó ń fà, tó ń tì, tí a lè díwọ̀n, òfin ni, bí a ti ń pe ti Newton, onímọ̀ físíìsì. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ òfin.

Ó ku "psychohistory", ìmọ̀ ìṣirò tí Hari Seldon ń fi mọ bí ìjọba ńlá kan yóò ṣe wó nínú Foundation, ìtàn mìíràn tí Asimov kọ. Mo rí i tí ẹnìkan kọ "Ifá oníṣirò". Ó dùn lẹ́nu, kò sì tọ̀nà. Seldon kò lè sọ ohunkóhun nípa ẹnìkan ṣoṣo. Àfi kí èrò pọ̀ bí iyanrìn, bí onímọ̀ físíìsì ti ń mọ ìṣe afẹ́fẹ́ nínú àgbá láìmọ ibi tí ẹyọ kan ń lọ. Ìgbà tí ẹyọ ènìyàn kan, Mule, yọjú, gbogbo ìṣirò dàrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ìṣirò náà bá wí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, kí wọ́n má bàa yí ìwà padà. Ẹnìkan ṣoṣo ni babaláwo ń dáfá fún, a sì ń sọ ohun tó rí fún un kó lè lọ rúbọ kí ọ̀ràn yí padà. Ní tèmi, mo fi "ìṣirò ìwà ogunlọ́gọ̀" sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ kó mú un wá, kó ṣáà má fi Ifá sí i.