Táyà wo ni kí n rà sí Mazda MX-5 mi fún òjò yìí?

Ayo_Mazda
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ táyà ló gbé mi wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mo ní Mazda MX-5 ti 1999, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, onílẹ̀kùn méjì, ọkọ̀ náà fúyẹ́ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnì ń yí. Ẹni tó lò ó kó tó dé ọwọ́ mi ti yọ táyà tó bá a wá, 225/45R15 ló fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (225 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà, 15 ni ti ríìmù ní ínṣì), irú táyà tí wọ́n fi ń sáré ìje yẹn, ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán, ilà tín-ín-rín díẹ̀ báyìí ló wà lára ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mi ò rí àléébù kankan, ṣe ló ń di títì mú bí àtè. Àmọ́ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Odò Ọbà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi wá dúró níbi tí títì ti tẹ̀ wọnú, mi ò sáré ju 80 lọ o, ṣàdédé ni sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, tírélà sì ń bọ̀ níwájú. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo máa ń lọ wo màmá mi l'Ọ́yọ̀ọ́, mi ò lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé kí n padà sí 195/50R15 tó wà nínú ìwé ọkọ̀ àbí kí n ra 205? Ẹnì kan tún fẹ́ ta tòkúnbọ̀ mẹ́rin fún mi, ó ní eyín wọn ṣì pọ̀ dáadáa.

Taya_Takie
Bọ̀ọ̀dá ẹ kú orí ire, a ò ní rírú ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ilà tó wà lójú táyà ni pé kó gba omi kó tú u sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò bá sí ilà, omi ò ríbi gbà, abẹ́ táyà ló máa wọ̀, ọkọ̀ á wá léfòó. Ohun tó ṣe yín nìyẹn. Táyà tuntun, eyín ẹ̀ máa ń jìn tó mílímítà 8, nílùú òyìnbó òfin ní kó má kéré sí 1.6, àmọ́ èmi tí mo ń rí táyà lójoojúmọ́, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi fi 3 rìn nínú òjò.

Ti tòkúnbọ̀ yẹn, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kà. Tí ẹ bá rí 0817, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Eyín lè pọ̀ kí rọ́bà ti kú. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, tó bá le gbagidi, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, irú ẹ̀ ò lè di ilẹ̀ mú nínú omi.

Kunle_Awe
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ padà sí 195 tó tín-ín-rín, èmi ò gbà pé fífẹ̀ táyà ló fà á o. 225 ni mo fi sí Camry mi, mo sì ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ nínú òjò, kò yọ̀ rí, ó dáa ju tín-ín-rín tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi 225 síbẹ̀, ẹ kàn wá èyí tó ní ilà ni.

IyaIbeji_LTech
Ẹ̀gbọ́n Awẹ́, ẹ má bínú, Camry yín wúwo tó MX-5 kan àbọ̀. Ìwúwo yẹn ló ń bá táyà ti omi kúrò lábẹ́ kó tó kan ilẹ̀. Ẹ gbé igbá pẹlẹbẹ lé orí omi, á léfòó, ẹ wá fi etí igbá yẹn gún omi, á wọlé. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tí wọ́n wá fi táyà fífẹ̀ sí, igbá pẹlẹbẹ ni.

Àbúrò, mo wa irú ọkọ̀ rẹ yìí fún ọdún mẹ́rin, ìgbà tí àwọn ìbejì dé ni mo tó tà á torí ìjókòó méjì péré ló ní, ó dùn mí títí dòní. 195/50R15 ni kó o rà. 205/50 náà máa wọ ríìmù yẹn, ó kàn ga ju 195 lọ ní mílímítà 10 ni, géèjì eré rẹ á máa fi díẹ̀ parọ́ fún ẹ, omi tó sì máa tì á pọ̀ sí i, kí lo máa wá fi ṣe? Wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 82V tó o bá rí níbẹ̀ ti tó, V ń sọ eré tó lè sá, 82 yẹn lè ru kílò 475 lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin á ru 1,900, ọkọ̀ rẹ ò sì sún mọ́ ìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta táyà XL fún ẹ pé ó lágbára jù, ara tó le fún ẹrù ni, ọkọ̀ fífúyẹ́ á kàn máa ta pọ́ún pọ́ún lórí ẹ̀ ni.

Rọ́bà ẹ̀ náà wà níbẹ̀ o. Táyà ìje fẹ́ kí ara òun gbóná kó tó di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ tó fúyẹ́ kì í tètè mú un gbóná, òjò á tún wá máa tù ú lára. Wá táyà títì tí wọ́n po sílíkà mọ́ rọ́bà ẹ̀, òun ló ń di ilẹ̀ mú nínú omi. Tó bá ní ìwé ti Yúróòpù lára, wo àwòrán òjò tó wà níbẹ̀, A ló dáa jù, E ló kéré jù. Ti Amẹ́ríkà, wo Traction, AA ni kó o wá, orí ilẹ̀ tí omi wà ni wọ́n ti ń dán ìyẹn wò. Yokohama Advan Fleva wà ní 195/50R15, Uniroyal RainSport náà wà, òjò gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló wá ń ká mi lára jù. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà kọ 26 psi. Ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà ò ní bi ẹ́, 35 ni wọ́n máa fún ẹ bí wọ́n ṣe ń fún jíìpù, àárín táyà nìkan ló máa wá kan ilẹ̀. Tó bá sì lọ sílẹ̀ ju 26 lọ, á tètè léfòó. Àwọn NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò ẹ̀ fún táyà bàálù, pé afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń sọ ìgbà tó máa léfòó tí omi bá ti jìn ju ilà ẹ̀ lọ. Tá a bá fi 26 sí i, á fún wa ní bíi kìlómítà 85 ní wákàtí kan, 32 á fún wa ní bíi 94. Ti bàálù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wo ibi tí 80 tìrẹ wà. Nínú òjò èmi máa ń fi 28 sí i, ní àárọ̀ tí táyà ò tíì gbóná, géèjì tèmi ni mo sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Kunle_Awe
Ẹ ṣé mà, ọ̀rọ̀ igbá yẹn yé mi, mi ò ro ti ìwúwo mọ́ ọn rárá. Àmọ́ kí n fi èyí kún un, òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù. Gbogbo ọ́ìlì àti eruku tí títì ti gbà láti bí oṣù mẹ́rin ló máa po pọ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ kàn án, á wá máa yọ̀ bí ilá, yẹ̀pẹ̀ pupa tí àgbàrá ń wọ́ wá sórí títì tún ńkọ́. Táyà tó dáa ò ní kí èèyàn má rọra ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn.

Taya_Takie
Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá Awẹ́ sọ. Mo tún fẹ́ sọ fún Ayọ̀, ẹ má ra méjì o, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà, irú kan náà. Tó bá wá di pé owó ò tó, ẹ̀yìn ni kí èyí tí eyín ẹ̀ jìn jù wà, torí tí iwájú bá yọ̀ ẹ ṣì lè rọra tẹ̀ ẹ́, irú ọkọ̀ kúkúrú yẹn tí ìdí ẹ̀ bá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì wọ́n. Táyà òjò míì ní ọfà lára tí wọ́n kọ Rotation sí, ibi tí ọfà kọjú sí ni táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí, tí wọ́n bá dè é sódì, àárín ló máa máa kó omi wá dípò kó tú u síta. Èyí tí wọ́n kọ Outside sí, ìta ni ojú yẹn ń wà. Mo ti tún irú ẹ̀ dè fún oníbàárà mi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ.

Ayo_Mazda
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo lọ wo tòkúnbọ̀ yẹn, 3114 ni mo bá lára mẹ́ta nínú wọn, ọdún 2014! Mo ní kó máa gbé e lọ. Ìbàdàn ni mo ti rí 195/50R15 tuntun mẹ́rin rà, Traction AA, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dè é tán, wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ de ọ̀kan sódì lóòótọ́, èmi ni mo fi ọfà hàn wọ́n. 34 ni wọ́n fún mi, mo tú u di 28 ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá òjò ká mi mọ́ ibi àkọ́kọ́ yẹn gan-an. 60 ni mo wà. Mo gbọ́ tí omi ń ha abẹ́ ọkọ̀, àmọ́ sítíárìn ò fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúró. Màmá mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń rẹ́rìn-ín wọlé.

Ó kàn jẹ́ pé ọkọ̀ ṣì máa ń fà díẹ̀ sí òsì tí mo bá kó sínú omi. Ṣé àláínmẹ́ǹtì ni?

IyaIbeji_LTech
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn náà ní bóòtù tí wọ́n fi ń tún un ṣe, iwájú nìkan sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àláínmẹ́ǹtì níbí máa ń fọwọ́ kàn. Tí táyà ẹ̀yìn bá ya ẹnu síta díẹ̀, títì gbígbẹ ò ní jẹ́ kó o mọ̀, omi ló máa sọ fún ẹ. Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo fẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwèé fún ẹ kó o tó sanwó. Bí o ò bá rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, wò ó ní Ìlọrin, kò jìnnà sí ẹ. Tó o bá ti gba ìwé yẹn, kọ nọ́ńbà ti ẹ̀yìn síbí kí n bá ẹ wò ó.